Ìdodo Sọ Òdodo

Wari, ọjọ́ kẹsàn-án ni ìwọ́ rẹ já,
òdòdó kékeré kan sì wú síbi tó ti já.
Bí o bá sunkún, á yọrí bí ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́.
Bí o bá sùn, á wọlé padà.
Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ wò. Ó rọ̀, ó ń mì,
bí omi Titikaka lábẹ́ ọkọ̀ esùsú.

Fermina, ìyá bàbá rẹ, ṣí àpótí,
ó mú owó fàdákà kan jáde,
owó ayé ọjọ́un tí ọjà kankan kò gbà mọ́,
ó fi ọ̀já pupa dè é mọ́ ọ nínú.
"Báyìí la ṣe ti bàbá rẹ̀, ó sì wọlé."
Mo dákẹ́. Ta ni mí, tí n ó fi bá ẹni tó bí ọkọ mi jiyàn?

Nọ́ọ̀sì Edelmira, tó ń gòkè wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù
pẹ̀lú àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára léjìká,
òun ló tú ọ̀já náà. Awọ ara rẹ ti bó.
Àmì owó hàn roboto, títí kan orí ọkùnrin tó wà lára rẹ̀.
Kò pariwo. Ó ní, "Màmá, ọjọ́ orí ló ń dí ihò yìí.
Fàdákà kò mọ̀ ọ́n dí.
Ẹ jẹ́ kó rìn, ẹ jẹ́ kó sáré.
Ó lè gbà á ní ọdún mẹ́rin, ó lè gbà á ní márùn-ún.
Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò dí, ẹ gbé e wá, ká rán an."
Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì yí.
Ó fa ọwọ́ mi, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi:
"Bó bá rọ̀ báyìí, máa sùn."
Ó fi kan eékún mi:
"Bó bá le báyìí, má sùn.
Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí, tó pọ́n tàbí tó dúdú,
bí ọmọ bá ń bì, tí ẹkún rẹ̀ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀,
má fi agbára tì í wọlé, má dúró de àárọ̀."

Fermina nu owó rẹ̀, ó fi sápò. Kò fèsì.

Ọdún kan. Méjì. O ti ń lé àgùntàn kiri.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.

Oṣù kẹfà, òru tí yìnyín ń gbẹ ànàmọ́ lórí koríko,
ẹkún kan jí mi tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.
Mo gbé fìtílà. Mo fọwọ́ kàn án.
Eékún.
Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi, mo tún padà kàn án.
Eékún ni, Wari. O sì bì, èébì aláwọ̀ ewé.
Bàbá rẹ wà níbi kùsà, ìrìn ọjọ́ méjì.
Ẹ̀rù omi bà mí; "kílẹ̀ mọ́ ná" ti wà létè mi.
Fermina ti dìde.
"Ìdodo ti sọ òdodo. Kí la tún fẹ́ gbọ́?"
Ó pọ̀n ọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi,
ẹsẹ̀ ọgọ́rin ọdún lórí òkúta tó dì,
ó gbá ilẹ̀kùn Onesimo ọlọ́kọ̀,
ó na owó fàdákà yẹn sí i.
Onesimo gbé e síbi iná wò, ó dá a padà.
"Èyí kò ra nǹkan kan mọ́, Ìyá. Ẹ wọlé."

Wákàtí mẹ́ta lórí omi dúdú.
N kò ní sọ nípa wákàtí mẹ́ta yẹn.

Ní Puno, dókítà ní ìfun ló há.
Ó ní, "Ká ní ẹ dúró de oòrùn..."
Kò parí ọ̀rọ̀ náà, ó lọ fọwọ́.

Àpá rẹ kò gùn ju èékánná lọ.
O lu owó náà, o so ó mọ́ ọmọ alipáka rẹ lọ́rùn,
ó ń tàn bó bá ń sá.
Lánàá, Luzmila gbé ọmọ tuntun rẹ̀ wá,
ìdodo rẹ̀ yọ sóde, ojú ìyá rẹ̀ kún fún omi.
Fermina kò ṣí àpótí.
Ó fa ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀,
lẹ́yìn náà, eékún.